Ọjà ọrọọrún, áìsì-páàkì àti ìka tó ní làálì: bí ìtọ́jú àjàkálẹ̀ àrùn ṣe lè dé aba

Ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì tí wọ́n bá a lára rẹ̀ ti gba Èkó kọjá sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí àwọn onímọ̀ ACEGID, ilé ìwádìí tó wà ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, tú àbùdá kòkòrò náà palẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ewékorò kì í ṣe Èkó, Ẹdẹ kì í ṣe Ìbàdàn. Ìmọ̀ ò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń gbé ní aba lẹ́yìn irú àwọn ìlú wọ̀nyí ò rí ibi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì pẹ́ kó tó kàn án.

Kì í ṣe pé oògùn ò sí. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, ọdún 2021, abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin balẹ̀ sí Àbújá nípasẹ̀ COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè. Nígbà tó fi di ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìjọba ń kó abẹ́rẹ́ 1,066,214 lọ dàánù nítorí pé ọjọ́ ti kọjá lórí wọn. Ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fi wọ́n ta wá lọ́rẹ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló kù kí ọjọ́ wọn pé. Ibi tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì lè gbé oògùn dé, ìlú ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣètò fún àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn mú níbí: ètò tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú kì í dé aba. Láti aba ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ká wá máa ṣírò padà títí a ó fi dé ẹnu fíríìjì tí oògùn wà.

Orí ènìyàn la kọ́kọ́ ń kà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ sábà máa ń ní orúkọ àwọn abúlé tó ní baálẹ̀. Àwọn tó máa ń já síta ni gáà àwọn Fúlàní ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, ahéré àwọn alágbàṣe tó wá láti ilẹ̀ Ìgede àti Àgàtú, àwọn Ẹ̀gùn tó kọ́lé sórí omi, àti àwọn Ìlàjẹ etí òkun. Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì kẹ́ ẹ fi fóònù ka àwọn wọ̀nyí. Ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé láàárín wọn, ì báà jẹ́ séríkí gáà, ọ̀gá àwọn alágbàṣe tàbí ìyá tó ń tajà fún wọn, kẹ́ ẹ bá a rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ kọ iye àwọn tó ti pé ọdún 18 sílẹ̀, ẹ ya àwọn tó ti lé ní 60 sọ́tọ̀, àwọn aláboyún, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ kọ odò tó máa ń gé ọ̀nà nígbà òjò, ẹ kọ ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ, ẹ kọ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Gáà tí ẹ bá rán ẹni tí kò gbọ́ Fúlàní lọ, ẹ ti pàdánù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Tí àwọn tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ bá jẹ́ 60, tí ìgò kan sì tó ènìyàn mẹ́wàá, ìgò mẹ́fà kò lè tó. Ohun tí a máa ń gbé kalẹ̀ ni pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yóò ṣòfò, nítorí náà abẹ́rẹ́ 67 ni ká ṣètò fún, ìyẹn ìgò méje. Iye sìríńjì gbọ́dọ̀ bá a mu, iye páálí tí a ń ju abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí náà gbọ́dọ̀ bá a mu. Páálí oní-lítà 5 gba nǹkan bí sìríńjì 100. Bó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ má fi ọwọ́ tì í wọlé. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ń gún òṣìṣẹ́.

Ọjọ́ ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ètò ìlú ti máa ń bàjẹ́ jù. Ilé ìwòsàn á kọ ọ́ sí ara ògiri pé gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni abẹ́rẹ́. Ọjà ọrọọrún ò mọ Ìṣẹ́gun. Bí wọ́n bá ná an ní ọjọ́ 1 oṣù, ọjọ́ 5 ni yóò tún kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ 9, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ 13. Ọ̀sẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí ní méje-méje, ọjà ń yí ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì máa ń pàdé láàárín ọjọ́ 28. Nínú Ìṣẹ́gun mẹ́rin, mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì yóò jókòó tí àwọn ènìyàn kò ní sí nítòsí. Wọ́n á wá máa kọ̀wé pé àwọn ará oko kò fẹ́ abẹ́rẹ́.

Ẹ fi kàlẹ́ńdà ọjà ṣètò, ẹ ó rí i pé ó rọrùn. Ẹ wo àwọn abẹ́rẹ́ Kòrónà ìgbà náà: AstraZeneca tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 sí àárín abẹ́rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ọjọ́ 84 ni, ìyẹn sì jẹ́ ọjà 21 géérégé. Ẹni tó gba ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà ni ti kejì yóò bọ́ sí, ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ 8 náà bá a mu, nítorí ọjọ́ 56 jẹ́ ọjà 14. Moderna tó jẹ́ ọjọ́ 28, ọjà méje ni. Pfizer tó jẹ́ ọjọ́ 21 ni kò bá a mu: ọjà márùn-ún jẹ́ ọjọ́ 20, kò tíì pé, ẹ dúró de ọjà kẹfà, ìyẹn ọjọ́ 24, kò sí ewu níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ná ọjà ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé ọjọ́ 1, ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 17 ni, ọ̀sẹ̀ 8 bá a mu, ọ̀sẹ̀ 12 kò bá a mu. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kẹ́ ẹ tó pinnu irú abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa béèrè fún, nígbà tó bá ṣeé yàn.

Àárín ọjà nìkan kò tó o. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọn kì í sì í lè kúrò nídìí igbá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ tẹ́ tábìlì kalẹ̀ ní aago méje àárọ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé, tàbí kẹ́ ẹ lọ bá wọn nídìí igbá. Ìyálọ́jà ni kó kéde rẹ̀ ní ọjà tó ṣáájú, àti pé kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ká apá aṣọ sókè. Àwọn ọkùnrin, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ́ tàbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ ti lè rí wọn mú. Àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara kò ní jáde wá síbì kankan. Òṣìṣẹ́ méjì lórí ọ̀kadà pẹ̀lú kúlà kan ló máa lọ bá wọn nílé.

Ọ̀rọ̀ òtútù wá kàn, mo sì fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. AstraZeneca àti Johnson & Johnson ìgbà náà fẹ́ ìwọ̀n òtútù 2°C sí 8°C. Moderna, àárín yìnyín tó tó 20°C sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń pa á mọ́ sí, ó sì lè lo ọjọ́ 30 nínú fíríìjì lásán. Pfizer àkọ́kọ́ fẹ́ ẹ̀rọ tó tutù ju 60°C sísàlẹ̀ òdo lọ, wọ́n tún ní láti fi omi iyọ̀ mílílítà 1.8 pò ó, kí wọ́n tó fa 0.3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi ni pé Johnson & Johnson ló dára jù nígbà náà fún gáà àti fún àwọn alágbàṣe tó ń ṣí kiri, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà á. Ẹni tí kò ní sí níbẹ̀ lóṣù mẹ́ta òní, kí la fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀méjì ṣe fún un?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ooru nìkan ni ọ̀tá abẹ́rẹ́. Bí AstraZeneca bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ yọ́ padà tí ojú rẹ̀ sì mọ́. Inú kúlà ló sì ti sábà máa ń dì, nítorí ìkánjú. Ẹ bu omi sí áìsì-páàkì dé ojú ìlà, ẹ má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Ẹ dè é pa, ẹ tò ó ní òòró sínú fírísà fún wákàtí 24. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ẹ kó o jáde sórí tábìlì kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ máa gbé e mì létí: ìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí omi ń ṣán nínú rẹ̀ ló tó ó gbé sínú kúlà. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀kadà ti ń dúró dè níta kì í ní sùúrù fún èyí, á kó o láti fírísà tààrà sínú kúlà, ìgò tó bá fara kan ògiri yìnyín á sì dì kó tó rìn jìnnà. Áìsì-páàkì mẹ́rin ni kúlà kékeré ń gbà. Ẹ fi ìgò sínú ọ̀rá, kó wà láàárín, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù tì í, ẹ fi fóòmù bò ó. Abẹ́ igi ni kẹ́ ẹ gbé kúlà sí, kì í ṣe inú bùútù ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa ṣí i, ìgò kọ̀ọ̀kan ni kó sì máa mú.

Fíríìjì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ìwọ̀n òtútù rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Ẹ̀rọ Fridge-tag tó ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 30 yóò fi àmì ìkìlọ̀ hàn bí ó bá kọjá 8°C fún wákàtí mẹ́wàá, tàbí tó bá wà ní 0.5°C sísàlẹ̀ òdo fún wákàtí kan. Ìkìlọ̀ kejì yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Fíríìjì inú ilé tí fírísà wà lórí rẹ̀ kò dára fún àjẹsára, nítorí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dì. Tó bá sì jẹ́ pé inú rẹ̀ náà ni omi mímu àti oúnjẹ ọ̀sán òṣìṣẹ́ wà, ìlẹ̀kùn ò ní yé ṣí.

Níbi tí iná kì í ti í wà fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, sólà ni. Èyí tí kò ní bátìrì, tó ń fi agbára oòrùn dá yìnyín sínú ara rẹ̀, ni kẹ́ ẹ béèrè fún. Oníbátìrì máa ń kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, owó bátìrì tuntun kì í sì í sí nínú ètò. Kò gbọdọ̀ sí òjìji lórí pánẹ́ẹ̀lì láti aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́ta. Igi máńgòrò tó kéré lọ́dún tí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì síbẹ̀ ń dàgbà. Ẹ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so fóònù mọ́ wáyà rẹ̀, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.

Bí a bá ti ṣí ìgò AstraZeneca, wákàtí mẹ́fà ló ní. Ẹ kọ aago tí ẹ ṣí i sí ara ìgò. Aago mẹ́ta ọ̀sán ń lù, ènìyàn mẹ́ta ló dúró, bóyá ká ṣí ìgò tuntun? Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta yẹn padà wá lọ́la. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó rin kìlómítà mẹ́jọ wá kò ní padà wá, yóò sì sọ fún ogún ènìyàn pé wọ́n lé òun. Ẹ ṣí i. Kó tó di pé ẹ ṣí i, ẹ rán ọmọ kan láti aba náà lọ pe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé tí wọn ò tíì wá. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ẹ dà á nù, ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọ̀gá tó bá ń bínú sí òṣìṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ méje tó ṣòfò nínú oko, kó ronú kan mílíọ̀nù tí wọ́n kó dàánù ní Àbújá. Ìgò tí ẹ kò ṣí tó tutù dé ilé, ẹ fi àmì sí i, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò nígbà mìíràn.

Ìṣẹ́jú 15 ni kí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ fi jókòó. Ẹni tí oògùn tàbí oúnjẹ kan ti bá ara rẹ̀ jà rí, 30. Ẹni tó kàn dákú nítorí ẹ̀rù, ara rẹ̀ yóò tutù, ọkàn rẹ̀ yóò rọra máa lù, yóò sì jí bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ wú, tí ètè tàbí ojú rẹ̀ ń wú, tí àyà rẹ̀ ń han gooro, tirẹ̀ yàtọ̀: adrenaline 1 nínú 1,000, mílílítà 0.5 fún àgbàlagbà, sínú ẹran itan níta. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un gún. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára adrenaline náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé ibà àti ara ríro lè mú ènìyàn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹni tó fẹ́ kọ ebè lọ́la má bàa rò pé ẹ tan òun. Parasitamọ́ọ̀lù onímílígíráàmù 500, ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ó tọ́ kẹ́ ẹ bọ́ ọ sí wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ Kòrónà bẹ̀rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní ká ti forúkọ sílẹ̀. NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera alábọ́dé, náà rí i pé kò ní tán síbẹ̀, wọ́n fi kún un pé kí òṣìṣẹ́ máa bá ènìyàn forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ láti ilé dé ilé. Nínú aba, ìwé ńlá tí wọ́n fa ìlà sí bíi ti ojú ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ lálẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà. Ẹ béèrè orúkọ tó wà lórí káàdì ìdìbò, nítorí ẹni tó jẹ́ Àdùkẹ́ ní oṣù Kẹta lè di Rìsíkátù ní oṣù Kẹfà. Káàdì ni kó wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, nínú ọ̀rá. Dókítà David Morley ti fi èyí hàn ní Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn 1955: ó fi káàdì ìwọ̀n ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́ dípò kó wà nílé ìwòsàn, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Abẹ́rẹ́ ń dáàbò bo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń mí gúlegúle lónìí, ọ́síjìn ló ń fẹ́. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka. Kòrónà máa ń jẹ́ kí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ sílẹ̀ gan-an kó sì máa bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ le. Nọ́ńbà tó wà láti 95 sókè dára. Tó bá wà nísàlẹ̀ 90, ó ti le gan-an. Kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà náà gbọ́, ẹ fi ọwọ́ pa ìka kó gbóná, ẹ pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, ẹ wá ìka tí kò ní làálì dúdú, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan títí nọ́ńbà yóò fi dúró sójú kan. Bí gbogbo ìka bá ní làálì, ẹ lo ti ẹsẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá, ọdún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń pọ́n nọ́ńbà lé lára aláwọ̀ dúdú. Lára àwọn tí ẹ̀rọ kà sí 92 sí 96, ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ tó léwu lára 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Nítorí náà, nínú aba wa, ẹni tí ẹ̀rọ pè ní 93 tó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má dá a padà sílé. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ sì máa wọn ọ́n léraléra: nọ́ńbà tó ń rọ̀ láti 96 sí 93 láàárín wákàtí mélòó kan ń sọ nǹkan.

Ẹ̀rọ concentrator oní-lítà 5 tó ń fa ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ ń jẹ iná tó nǹkan bí 350 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e. Sítábíláísà ni kò gbọdọ̀ má sí, nítorí iná tó ń lọ sókè-sódò ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. Eruku oko máa ń dí i kíákíá, ọ́síjìn tó ń jáde á sì máa dínkù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Sìlíńdà ni a ń gbé sọ́kọ̀ nígbà tí a bá ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Èyí kékeré, E, gba lítà 680. Bí aláìsàn bá ń lo lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 136 ni yóò fi tán, ìyẹn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 16, tó bá kún dé ẹnu nígbà tí ẹ gbéra. Bó bá jẹ́ pé ó gba lítà 10, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ wo gééjì rẹ̀: tó bá wà ní ìdajì, ẹ pín in sí méjì. Lẹ́yìn náà ẹ bi awakọ̀ léèrè iye wákàtí tí ọ̀nà ń gbà nígbà òjò, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ìdajì wákàtí kún un fún ìdúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Bí àròpọ̀ yẹn bá ju ohun tí sìlíńdà lè gbé lọ, méjì ni kẹ́ ẹ gbé, pẹ̀lú sípánà tó ń ṣí i, kí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀ sì jókòó ti aláìsàn lẹ́yìn.